Bí Ẹbí Ṣe Lè Palẹ̀ Ẹrù àti Ọkọ̀ Mọ́ fún Ìrìnàjò láti Ìbàdàn sí Pápákọ̀ Òfuurufú Ìkẹjà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí nígbà tí ìrìnàjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀: "Aago mélòó ló yẹ kí a kúrò n'Íbàdàn?" Mo ti gbé ẹbí àti ará lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti rí i pé kí ọ̀rọ̀ aago tó bàjẹ́, nǹkan mìíràn ti máa ń bàjẹ́ sílẹ̀ dè é. Ó lè jẹ́ ẹrù tí a kò wọ̀n, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí a kò yẹ̀ wò, ó sì lè jẹ́ àpótí méje tó jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀tì kò lè gbà wọ́n. Ẹbí tó bá fi wákàtí méjì to ẹrù, tí ó tún ń tú u jáde ní àgbàlá, kò sí aago tí a lè dá fún un tí yóò ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, n óò dáhùn ìbéèrè aago, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ ni yóò gba àyè jù.

Àpẹẹrẹ tí mo ń lò ni ti bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí mọ̀lẹ́bí kan sì ń wa ọkọ̀ fún wọn. Ẹni tó ń lọ sí ibòmíràn lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà, kí ó ṣáà yẹ òfin orílẹ̀-èdè tó ń lọ àti ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ wò.

Ẹ máa ka aago bọ̀ láti ẹ̀yìn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tí bàálù yóò gbéra, kí ẹ máa ka wákàtí bọ̀ wálé. Ká ní aago 11 alẹ́ ni bàálù yóò gbéra:

1. Ẹ yọ wákàtí 4. Èyí túmọ̀ sí pé ní aago 7 ìrọ̀lẹ́, ẹrù yín ti wà lórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kì í gba ẹrù mọ́ bó bá ti ku wákàtí kan kí bàálù gbéra, ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ kì í sì í yí i padà.
2. Ẹ yọ wákàtí 5 fún ọ̀nà, ó di aago 2 ọ̀sán. Bí ọ̀nà bá dá, ìrìn wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà. Ìyókù jẹ́ ti tírélà tó dùbúlẹ̀, ti òjò, ti táyà tó jò, àti ti ọmọ tó fẹ́ tọ̀.
3. Ẹ yọ wákàtí 1 fún oúnjẹ, fún kíkó ẹrù sínú ọkọ̀, àti fún àdúrà. Kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ àdúrà yìí o. Bí màmá àgbà, bàbá àgbà àti àǹtí kan bá ní láti gbàdúrà tẹ̀léra tẹ̀léra, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ fi í sínú ìṣirò, kí ẹ má baà máa já àgbàlagbà lẹ́nu.

Aago 1 ọ̀sán ni gbogbo ènìyàn yóò ti wọṣọ tán, aago 2 ni táyà yóò yí.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù yàtọ̀, nítorí ìsìn òru tí ìjọ Redeemed máa ń ṣe ní Redemption City tó wà lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ máa ń kún ọ̀nà láti ọ̀sán títí di alẹ́. Bí ìrìnàjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ náà, ẹ kúrò nílé ní òwúrọ̀, ó sàn kí ẹ jókòó wákàtí mẹ́ta ní Ìkẹjà ju kí ẹ jókòó wákàtí kan ní Mowé lọ. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àpéjọ ńlá ìjọ náà ní oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá.

Bí bàálù bá sì jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ má gbìyànjú láti kúrò n'Íbàdàn ní aago 2 òru. Ẹ lọ sùn sí Èkó ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹrù: ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú

Ẹ ka ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó ra àpótí kankan. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó máa ń gba ẹnì kan láyè àpótí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú lè gba ẹyọ kan péré. Àpótí tó bá ju kílò 32 lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé e rárá, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sanwó lé e. Fún ẹni mẹ́rin tó ní àpótí méjì méjì, àpótí 8 nìyẹn, kílò 184, láìka ẹrù ọwọ́. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀.

1. Ẹ wọn àpótí lófìfo. Àpótí líle ńlá lè wọn kílò 4 tàbí 5 kí ẹ tó fi ìbọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀.
2. Ẹ pín aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí àpótí méjì. Bí àpótí kan bá ṣìnà, kò ní jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni kò ní aṣọ òtútù nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀.
3. Ẹ kó oúnjẹ pọ̀ sí àpótí kan tàbí méjì péré. Àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ti NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lè ní kí ẹ ṣí ẹrù yín. Bí oúnjẹ bá wà níbi kan, àpótí kan ni ẹ óò ṣí, ẹ kò ní tú mẹ́jọ.
4. Ẹ di gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún sínú ọ̀rá nípọn méjì, kí ẹ fi téèpù dì í lẹ́nu, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ohun tó bá rí bí ìyẹ̀fun láìní orúkọ máa ń fa ìbéèrè.
5. Ẹ wọn àpótí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í tán. Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń gbé àpótí kọ́ kò wọ́n lọ́jà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ dúró sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara ènìyàn, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ gbé àpótí dání, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò.
6. Ẹ dúró sí kílò 22. Òṣùwọ̀n ilé àti ti pápákọ̀ òfuurufú kì í sábà bára mu.
7. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ẹ ń lọ sára àpótí, ẹ fi ìwé kan náà sínú rẹ̀. Ẹ so àkísà àǹkárá kan náà mọ́ gbogbo ọwọ́ àpótí yín, kí ẹ lè tètè dá a mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún àpótí dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pọ̀.
8. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí pa kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ńbà 5 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti fò ó rí. Àpótí àbúrò mi kan fi kílò 4 lé, a sì ní láti tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ èrò. Ọ̀rá èlùbọ́ tí a fà jáde ní kánjúkánjú já, ìyẹ̀fun sì bo kóòtù dúdú tó fẹ́ wọ̀ dé ibi iṣẹ́ tuntun. Kì í ṣe owó ẹrù àlékún nìkan ni ẹ óò pàdánù níbẹ̀. Ìrònú tó yẹ kí ẹ fi sí ìwé ìrìnnà àti àwọn ọmọ ni ẹ óò máa fi kó èlùbọ́.

*Ohun tí kò yẹ kó wọ àpótí*

Ìlú Ọba kò gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà lọ́wọ́ èrò, yálà ó tutù, ó gbẹ, tàbí a ti sè é. Súyà, kìlíṣí, pọ̀nmọ́, wàràǹkàṣì àti ẹran ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù yín. Ẹ̀fọ́ àti ewé tútù pẹ̀lú ní láti ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí ìdílé tó ń rìnrìnàjò kì í sábà ní. Ní ti ẹ̀wà gbígbẹ, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ti Nàìjíríà láti ọdún 2015. Mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi ẹ̀wà sílé láìka apá ibi tó ń lọ ní Yúróòpù sí, nítorí ẹ̀wà kò wọ́n níbẹ̀ débi tí a óò fi máa bá aṣọ́bodè jiyàn.

Epo pupa le díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbà á, àwọn kan kò gbà á. Bí tiyín bá gbà á, ẹ má jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu, ẹ fi téèpù dì í, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ gbé e sáàárín àpótí tí kò ní aṣọ àríyá nínú.

*Ẹrù ọwọ́*

- Bátìrì àfikún tí a fi ń gba iná sí fóònù, ìyẹn power bank: inú ẹrù ọwọ́ nìkan ló gbọdọ̀ wà. Èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 100 Wh lọ kò ní wàhálà, èyí tí a kọ 20,000 mAh sí lára sì máa ń tó 74 Wh.
- Ohun olómi: ìgò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ. Oyin, ata díndín àti ìpara ńlá, inú àpótí ńlá ni kí wọ́n wà.
- Oògùn: nínú páálí tí a fi rà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má gbé tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine dání láìní ìwé.
- Aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan fún ẹni tí yóò gbé èyí tó kéré jù lẹ́sẹ̀.
- Owó: bí ó bá ju $10,000 lọ, ẹ gbọdọ̀ kéde rẹ̀ fún aṣọ́bodè Nàìjíríà.

Ẹrù ẹlòmíràn

Apá yìí ló le jù, nítorí pé ojú àti ìtìjú wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹbí Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun tí àwọn aládùúgbò kò ní gbé nǹkan wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ọmọ mi, kò wúwo." Kílò kan kan yẹn ló máa ń di mẹ́fà. Ohun tó burú ju ìwúwo lọ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú òfin.

1. Ẹ dá ọjọ́ kan, bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìrìnàjò, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ kò ní gba nǹkan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
2. Ẹ tú ohun kọ̀ọ̀kan wò níṣojú ẹni tó gbé e wá. Ẹ tú bàtà, ẹ tú ìdí agolo, ẹ tú ìtẹ́lẹ̀ báàgì. Ẹni tó bá bínú pé ẹ tú u, kí ó gbé e padà.
3. Ẹ má gba ohunkóhun ní pápákọ̀ òfuurufú, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní òun mọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Bí ó bá nira láti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún àgbà, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń lò nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, a ti wọn ẹrù tán, òṣùwọ̀n ti kún." Òótọ́ ni, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù.

Ọkọ̀: ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kí àyè lè wà láti tún ohun tó bá rí ṣe, kí ẹ sì wà á káàkiri ìgboro ní ọjọ́ kan lẹ́yìn àtúnṣe. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé kò yẹ kó bọ́ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí kò fún dáadáa, inú ìgboro ló ti yẹ kó fi ara rẹ̀ hàn.

*Táyà.* Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí a kọ 2319 sí, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá ra táyà tòkunbọ̀, nítorí ó lè máa dán bí tuntun kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Èmi kì í gbé ẹbí lórí táyà tó ti lé ní ọdún márùn-ún, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ní ti atẹ́gùn, ìwé kékeré kan wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sọ iye tí ọkọ̀ náà ń fẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ní iye méjì: ọ̀kan fún ọkọ̀ tó fúyẹ́, ọ̀kan fún ọkọ̀ tó ru ẹrù. Ti ẹrù ni kí ẹ sọ fún fọkanáísà, kí ó sì fún un nígbà tí táyà ṣì tutù.

*Sípíà táyà.* Ẹ gbé e jáde. Ẹ má wò ó lókèèrè lásán. Ẹ fún un ní atẹ́gùn, ẹ dán jáàkì wò, kí ẹ rí i pé sípánà rẹ̀ bá nọ́ọ̀tì táyà yín mu. Lọ́jọ́ kan, táyà ẹ̀yìn wa jò lẹ́bàá Ògèrè, sípíà sì wà lábẹ́ àpótí márùn-ún nínú bọ́ọ̀tì. A kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tó tutù, ní ibi tí tírélà ń kọjá tó ń mì wá. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ ìjókòó iwájú ni jáàkì àti sípánà mi máa ń wà, tápólì kan sì máa ń wà lókè ẹrù tí a lè tẹ́ sílẹ̀ bí ó bá di pé a ní láti kó ẹrù jáde.

*Bíréèkì àti omi rédíétọ̀.* Ọkọ̀ tó ru kílò 184 pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún kì í tètè dúró bí ọkọ̀ òfìfo. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú táyà kó lè wo páàdì bíréèkì. Ní ti rédíétọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní oòrùn ọ̀sán ló máa ń tú àṣírí rẹ̀, afárá Kàrá sì ni ibi tí mo ti rí ọkọ̀ tó ń rú èéfín jù. Bí iná ooru bá tàn, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, nítorí omi gbígbóná tó wà níbẹ̀ lè bó ènìyàn lójú.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀:

- Wáípà, iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti iná bíréèkì
- Agolo ìpaná àti C-caution, ìyẹn àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́
- Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì àti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, tí ọjọ́ wọn kò tíì kọjá
- Epo bẹntiróòlù tó kún táńkì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú
- Bẹ́líìtì ìjókòó tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìjókòó, títí kan ti àárín ẹ̀yìn

Ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ ṣe èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kó gbogbo àpótí sínú ọkọ̀ bí ẹ ó ṣe gbé e lọ, kí gbogbo ẹni tó ń lọ sì wọlé jókòó. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó bóyá awakọ̀ ṣì ń rí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò bí ẹ ṣe tò ó, kí ẹ kó o wọlé padà.

1. Àpótí tó wúwo jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọ bọ́ọ̀tì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó fara ti ìjókòó ẹ̀yìn.
2. Ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sí orí, ẹ fi báàgì rírọ̀ dí àlàfo, kí ẹrù má baà máa yí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.
3. Ẹ má fi ohunkóhun sórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn orí àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, òkúta ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níbẹ̀ yóò dà.
4. Oúnjẹ ọmọ, omi, tíṣù àti ọ̀rá èébì yóò wà níwájú, ní ibi tí ọwọ́ lè tó.
5. Báàgì ìwé ìrìnnà kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀tì. Ọrùn ẹnì kan ni yóò wà, kí gbogbo ilé sì mọ ẹni náà.

Ìgbà yìí ni òtítọ́ máa ń hàn. Bọ́ọ̀tì ọkọ̀ kékeré irú Corolla kì í gbà ju àpótí ńlá méjì pẹ̀lú kékeré kan tàbí méjì lọ. Àpótí mẹ́jọ kò lè wọ̀ ọ́, kódà bí ẹ bá gbàdúrà sí i. Àṣìṣe tí ẹbí sì máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á gbé ọmọ lé itan, wọ́n á to àpótí sí ibi tó yẹ kí ọmọ jókòó sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

- Ẹ yá Sienna tàbí ọkọ̀ mìíràn tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, kí ẹ sì ká ìlà ẹ̀yìn lulẹ̀ fún ẹrù. Èmi rò pé èyí ló dára jù fún ẹni mẹ́rin, owó rẹ̀ kò sì tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.
- Ẹ lo ọkọ̀ méjì. Ó dára bí ìkejì bá wà ní ipò tó yẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì túmọ̀ sí pé ìwọ̀n ìyẹ̀wò di méjì pẹ̀lú. Ẹ má kó gbogbo ẹrù sínú ọ̀kan kí gbogbo èrò wà nínú ìkejì.
- Ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ ṣáájú sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí ẹ fọkàn tán pátápátá ní Èkó, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá gbà á.
- Ẹ dín ẹrù kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èyí.

Ẹ tún ka iye àwọn tó fẹ́ sìn yín. Ọkọ̀ ìjókòó márùn-ún, ènìyàn márùn-ún ló gbà. Awakọ̀ àti ẹni mẹ́rin ti kún un. Àwọn tó kù lè dágbére nílé, nítorí pé wọn kì í sábà jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìnàjò wọ inú gbọ̀ngàn, ìta ni ẹ óò ti juwọ́ síra yín.

Lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ sùn dáadáa. Òun kọ́ ló yẹ kó sáré lọ ra ọ̀rá àti téèpù ní aago 11 alẹ́. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò máa dá ìpè lóhùn, tí yóò sì máa wo máàpù.

Ìwọ̀n eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀ ni kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹrù tó báyìí, 80 sí 90 tó. Ibi tí ẹ ti ní láti la ojú ni Ògèrè, níbi tí tírélà ti ń wọlé tí ó ń jáde, ìyànà Ṣágámù, Redemption City títí dé Mowé àti Ibafo, Kàrá, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Ọ̀tẹ́dọlá lẹ́yìn Berger. Ní afárá yẹn, ẹ má sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ agbépo. Ọkọ̀ agbépo kan gbiná níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ó sì jó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀.

Bí ẹ bá dé Ọ̀jọ́ta tí ọ̀nà dí, ẹ má bọ́ sí ojú ọ̀nà BRT, èyí tó wà fún bọ́ọ̀sì èrò nìkan, nítorí pé ẹ ń kánjú. Bí wọ́n bá mú yín, ọkọ̀ yóò lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀.

Bí táyà bá jò, ẹ ya kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ gbé C-caution jìnnà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde láti apá tó kọjú sí igbó, kí wọ́n dúró jìnnà sí ọ̀nà. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Bí ẹ bá ti wọ Èkó, 112 tàbí 767 ni ẹ óò pè. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, nítorí fóònù máa ń kú nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

Ní pápákọ̀ òfuurufú

Láti Maryland àti Anthony, Òṣòdì ni ẹ óò gbà bọ́ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ti òkè òkun. Àwọn kan máa ń tẹ̀ lé àmì MM2, èyí tó wà fún ìrìnàjò abẹ́lé, wọ́n á sì pàdánù ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó yí padà. Gbọ̀ngàn tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò ní pápákọ̀ òfuurufú ti òkè òkun lè yí padà, nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yín ní ọjọ́ tó ṣáájú irú èyí tí ẹ óò lò. Ẹ mú owó àti káàdì dání fún ẹnubodè, kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì.

1. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ibi ìjáèrò. Ẹlòmíràn ni yóò lọ mú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù wá.
2. Ẹ ka àpótí bí ó ti ń jáde, ẹ tún un kà lórí kẹ̀kẹ́. Àgbàlagbà kan yóò di ọwọ́ àwọn ọmọ mú, kò sì ní gbé ẹrù kankan.
3. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ bá yín ti ẹrù, bó ti wù kí ó pè yín ní "Dádì" tó.
4. Nígbà tí wọ́n bá gba ẹrù yín, ẹ wo ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Iye rẹ̀ gbọdọ̀ bá iye àpótí yín mu. Ní ọdún 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Saudi Arabia nítorí àpò tramadol tí àwọn kan fi orúkọ rẹ̀ sí lára ní pápákọ̀ òfuurufú Kano, oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé tó lé kan, ẹ figbe ta lójú ẹsẹ̀.

*Ìwé tó yẹ kó wà nínú báàgì ọrùn*

- Ìwé ìrìnnà gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú físà tàbí ẹ̀dà ẹ̀rí eVisa
- Tíkẹ́ẹ̀tì tí a tẹ̀ sórí ìwé
- Ìwé ìbí àwọn ọmọ
- Lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí kejì, bí ó bá jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló ń bá ọmọ lọ
- Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà yín lálejò

Awakọ̀ tó ń padà

Ẹ má rán awakọ̀ padà sí Ìbàdàn lóru. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òpópónà náà kò sì ṣeé fọkàn tán lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti bá a wá ibi tí yóò sùn sí ní Èkó, kí ó padà ní òwúrọ̀.

Kí ó má sì yára kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí ó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí títí ẹ óò fi pè é pé wọ́n ti gba gbogbo ẹrù. Bí òṣùwọ̀n bá kọ kílò méjì, tàbí tí wọ́n bá ní epo pupa kò lè lọ, ẹnì kan gbọdọ̀ wà nítòsí tí yóò gbé e padà sílé fún màmá àgbà.